Mo gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò bi mí: ṣé mo ṣègbè ni?

TíṣàỌ̀dà (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti Sátidé tí mi ò rí ẹni bá sọ ọ́. Ní yàrá àwọn tíṣà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìyàwó mi náà, nígbà tí mo rojọ́ tán, ohun tó sọ ò ju pé, "Ẹ̀yin náà lẹ lọ wá eré òyìnbó kiri."

Tíṣà eré ìdárayá ni mí. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣe ọ́ńpáyà, ìyẹn adájọ́ eré, kíríkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Àkúrẹ́ níbí. Kò sówó kan níbẹ̀. Fìlà gbòòrò kan, ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan àti ọmọ ayò mẹ́fà tí mo yọ nínú ọpọ́n bàbá mi ni gbogbo irinṣẹ́ mi. Tí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù kan, mo máa mú ọmọ ayò kan láti àpò òsì sí àpò ọ̀tún. Tí àpò òsì bá gbẹ, óvà, ìyẹn bọ́ọ̀lù mẹ́fà, parí nìyẹn. Mi ò ṣì í kà rí.

Ní Sátidé, ilé-ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ gba àlejò, óvà ogún-ogún. Èmi àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó wá láti Oǹdó la jọ ṣe ọ́ńpáyà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, máṣíìnì mi kọ̀ kò ṣíná, mo ta á títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Ni mo bá pe kóòṣì àwọn onílé. Ó ní kí n wá dúró ní NEPA, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wọn ń bọ̀. Bí mo ṣe bá àwọn ọmọ náà wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn, wọ́n ń kọrin, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tá a máa dé pápá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò ti ń sáré yí pápá ká, gbogbo wọn ló rí mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn àlejò ló kọ́kọ́ báàtì, ìyẹn ni pé àwọn ló kọ́kọ́ fi pákó gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n kó rọ́ọ̀nù 96, rọ́ọ̀nù ni góòlù tiwa. Nígbà ìsinmi, wọ́n pè mí wọ ọ́fíìsì, wọ́n gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún mi pẹ̀lú itan adìẹ kan tó tóbi bí ọwọ́ mi. Èmi nìkan ni wọ́n pè. Ojú fèrèsé ni mo ti rí ọ́ńpáyà kejì lábẹ́ igi máńgòrò, òun àti àwọn skọ́rà tó ń kọ rọ́ọ̀nù sílẹ̀ jọ ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Mo rí i, mo sì ń jẹun lọ. Bí mo ṣe ń fọwọ́, ọ̀gá kan ki ₦5,000 bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ fi ra epo sí máṣíìnì yín." Máṣíìnì tí ò kúrò nílé lọ́jọ́ náà o.

Óvà kẹrìnlá ni wàhálà dé. Ẹ̀yìn igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni mo wà, níbi tí bọ́ọ̀là, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ti ń sáré bọ̀. Ìgbéyàwó kan ń lọ ní gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ìlù ń dún. Bọ́ọ̀lù náà gbé orí sókè díẹ̀, ọmọ onílé tó ń báàtì nawọ́ sí i, ó pẹ́ díẹ̀, mo sì gbọ́ "tó", kékeré báyìí, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi èékánná pa ẹ̀gúsí. Bọ́ọ̀lù yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ bí ìbú ìka kan. Kípà, ọmọ tó dúró lẹ́yìn ẹni tó ń báàtì, gbá a mú. Tí bọ́ọ̀lù bá kan báàtì tí wọ́n sì gbá a mú kó tó kanlẹ̀, ẹni tó ń báàtì ti áùtì nìyẹn, eré rẹ̀ parí. Mo ń retí kí wọ́n pariwo. Bọ́ọ̀là ti kẹ̀yìn sí wa, ó ń padà lọ. Kípà wo kápútéènì rẹ̀, kápútéènì mi orí díẹ̀, kípà ju bọ́ọ̀lù padà. Ọmọ tó ń báàtì wá gbé ojú sókè wò mí, ojú ọmọ tí ìyá ẹ̀ bá nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Mo wolẹ̀. Mo mú ọmọ ayò kẹrin sí àpò ọ̀tún.

Rọ́ọ̀nù 12 lọmọ náà ní nígbà yẹn. 38 ló bá dé ìparí, kò áùtì. Àwọn onílé fi wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin borí, ìyẹn ni pé ó ṣì ku ẹni mẹ́rin tí àwọn àlejò ò tíì mú áùtì.

Ọmọdé ò lè pa nǹkan mọ́ra. Bá a ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Bọ́ọ̀lù yẹn kàn mí o, Ọlọ́run ló yọ mí." Kápútéènì àwọn àlejò gbọ́. Kóòṣì wọn wá bá mi, kò pariwo, ó kàn bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Mi ò lè purọ́. Mo ní mo gbọ́ ọ. Ó wo ojú mi, ó wo bọ́ọ̀sì onílé, ó lọ.

Nígbà tó fi máa di alẹ́ Sunday, orúkọ mi lórí WhatsApp ti di "Ọ́ńpáyà Onírẹsì".

Ìbéèrè mi ni pé: kí ni mo ṣe tí ò tọ̀nà? Ṣé ó yẹ kí n na ìka sókè pé ọmọ náà áùtì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè?

Bọ́ọ̀lùNiTèmi (Arákalẹ̀)

Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò gbọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. January 2025 ni mo kọ́kọ́ jókòó tì í, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin wa tí wọn ò ju ọmọ ọdún 19 lọ na New Zealand nínú ife àgbáyé ní Màléṣíà. Òjò gé eré yẹn sí óvà 13, àwọn tiwa kó 65, àwọn yẹn kó 63. Mo pariwo débi pé ìyá mi rò pé iná ló ń jó ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, rẹ́fírì tó bá rí i kedere pé wọ́n fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ṣé ó máa dúró kí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ kó tó fọn fèrè? Ẹ rí olè, ẹ dákẹ́, ẹ ní ẹlẹ́rù ò tíì ké. Ìrẹsì ni lójú tèmi. Àti itan adìẹ.

ÌyáSkọ́rà (Ọba-Ilé)

Bọ́ọ̀lùNiTèmi, fara balẹ̀. Rẹ́fírì bọ́ọ̀lù yàtọ̀, ọ́ńpáyà yàtọ̀. Òfin méjìlélógójì ni kíríkẹ́ẹ̀tì ní, ẹgbẹ́ MCC ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń tọ́jú wọn, èyí tí à ń lò báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Òfin 31 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ọ́ńpáyà ò gbọdọ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni áùtì àfi tí àwọn tó ń ṣọ́ pápá bá bèèrè. Ìdí tí wọ́n fi ń ké "Háúsáàtì!" nìyẹn, ìbéèrè ni, kì í ṣe ariwo lásán. Kódà ó ní àkókò: tí bọ́ọ̀là bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn ti tì. Nítorí náà Tíṣà ò lè na ìka. Tó bá nà án, òun gan-an ló rúfin.

Èmi ò sí níbẹ̀ ní Sátidé, ṣùgbọ́n mo ti jókòó nídìí ìwé skọ́rà láti ìgbà tí àbúrò mi ti ń gbá a, mo sì ti rí mèremère. Bàbá ọmọ kan wá bá mi nígbà kan pẹ̀lú Malta tútù kan àti míìtì-páì, ó jókòó tì mí, ó ń bi mí ní ìlera mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mọ̀mí, ọmọ mi ti ní 48, ṣé ẹ ò lè bá a wá méjì tó kù?" Mo ní kó wo ọ́ńpáyà lọ́hùn-ún. Gbogbo àmì tó bá ṣe, ọwọ́ ni mo gbọ́dọ̀ nà sókè láti fi dá a lóhùn kí eré tó lè máa lọ. Tó bá ju ọwọ́ kan sọ́tùn-ún sósì, mẹ́rin. Tó bá na méjèèjì sókè, mẹ́fà. Tó bá fọwọ́ kan orúnkún, kì í ṣe báàtì ló gbá a, ara ló bà. Ibo ni mo ti fẹ́ rí méjì tí ò sí nínú ọwọ́ rẹ̀? Bàbá náà gbé Malta rẹ̀, kò gbé míìtì-páì. Mi ò jẹ ẹ́. Ó sùn síbẹ̀ títí ìkamùdù fi dé.

Tíṣà, èmi náà ní ìbéèrè: owó yẹn, ṣé o sọ fún ọ́ńpáyà kejì?

TíṣàỌ̀dà

Ẹ ṣé mà. Mi ò sọ fún un. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, torí gúgúrú ni òun jẹ.

BàbáFìlàFunfun (Oǹdó)

Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ti lé ní àádọ́rin, n kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ̀wé sórí fóònù, ẹ fara dà á fún mi tó bá gùn.

Ti bọ́ọ̀lù yẹn, ìdájọ́ rẹ dúró. ÌyáSkọ́rà ti sọ òfin. N óò kàn fi èyí kún un: o ò tilẹ̀ gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí kípà. Ọ́ńpáyà tó bá wo ọmọ kan lójú bíi pé "bèèrè kí n dá ọ lóhùn" ti di ẹni kejìlá tó ń ṣọ́ pápá. Ẹni tó láǹfààní láti yanjú ọ̀rọ̀ náà láìsí ìbéèrè kankan ni ọmọ tó ń báàtì. Òfin 31 kan náà sọ pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun ti áùtì lè gbé báàtì rẹ̀ kó máa lọ. Adam Gilchrist ti Ọsirélíà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2003, nígbà tó ku eré kan kí wọ́n dé ìparí ife àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà: ọ́ńpáyà ti ní kò áùtì, ó yíjú padà, ó ń lọ. Stuart Broad ti Ẹ́ńgíláǹdì ò lọ ní tirẹ̀, ní Nottingham ní 2013, bọ́ọ̀lù kàn án tí gbogbo ayé rí i. Ọ́ńpáyà ní kò áùtì, Broad dúró, wọ́n pè é ní gbogbo orúkọ. Èwo lẹ máa fi kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? N ò dá ọmọ yẹn lẹ́bi. Ojú tó fi wò ọ́ fi hàn pé wọ́n kọ́ ọ nílé.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ wá rèé. Ìdájọ́ rẹ tọ́, bọ́ọ̀sì tó gbé ọ wá ni kò tọ́. Òfin kejì ni tiwa, ó ní kí ọ́ńpáyà méjì darí eré láìṣègbè rárá, kí wọ́n sì ti dé pápá ó kéré tán ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú. Ìwọ dé pẹ̀lú orin àwọn onílé nígbà tó ku mẹ́wàá. Tó o bá dé ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú, ìwọ àti ọmọ Oǹdó yẹn ìbá ti yẹ igi wò, ẹ ìbá ti fẹsẹ̀ wọn ìlà, ẹ ìbá ti bá kápútéènì méjèèjì sọ̀rọ̀ níbi kan náà, kí gbogbo ojú rí i. Bí àlejò ṣe ń mọ̀ pé ọ́ńpáyà kì í ṣe ti onílé nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ju bọ́ọ̀lù kankan.

Má rò pé kékeré ni. Àwọn àgbà eré yìí jà lórí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Láyé ijọ́un, orílẹ̀-èdè tó gba àlejò ló ń pèsè ọ́ńpáyà. Ní December 1987 ní Faisalabad, Mike Gatting, kápútéènì Ẹ́ńgíláǹdì, àti Shakoor Rana, ọ́ńpáyà Pakísítánì, nàka síra wọn lójú láàárín pápá. Odindi ọjọ́ kan ni wọn ò gbá bọ́ọ̀lù, àfìgbà tí Gatting kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní 1986, ọdún kan ṣáájú ìjà yẹn, Imran Khan tó jẹ́ kápútéènì Pakísítánì ti rí ọ̀nà àbáyọ. Nígbà tí West Indies wá sí Lahore, ọ́ńpáyà méjì láti Íńdíà ni wọ́n pè. Íńdíà o! Àwọn tí wọn kì í rẹ́ rárá. Ta ló fẹ́ sọ pé ará Íńdíà gbè sẹ́yìn Pakísítánì? Ó di 1994 kó tó di pé ọ̀kan nínú ọ́ńpáyà méjèèjì gbọ́dọ̀ wá láti ilẹ̀ mìíràn nínú eré ọlọ́jọ́ márùn-ún, ó sì di 2002 kí àwọn méjèèjì tó jẹ́ àlejò. Kì í ṣe pé gbogbo ọ́ńpáyà àtijọ́ ni olè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dájọ́ tó tọ́. Àwọn tó ń wò wọ́n ò kàn lè gbà á gbọ́ ni, nítorí ibi tí wọ́n ti jáde wá.

Má sì rò pé èmi mọ́. N óò sọ ohun tí n kì í sọ. Ọmọ mi ọkùnrin gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún ilé-ìwé rẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé èmi ni ọ́ńpáyà. Kí wọ́n tó ta owó sókè, mo pe kápútéènì méjèèjì, mo ní, "Ẹni tó máa báàtì kẹta yẹn, ọmọ bíbí inú mi ni." Wọ́n ní ẹ máa ṣe é, bàbá. Ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Bọ́ọ̀lù kejì tí wọ́n jù sí i bà á lẹ́sẹ̀, wọ́n ké "Háúsáàtì!", ìka mi ti wà lókè kí n tó mí. LBW, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dí bọ́ọ̀lù tó yẹ kó lu igi mẹ́ta. Bó ṣe ń rìn kọjá lára mi ni bọ́ọ̀lù yẹn padà wá sójú mi: ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló balẹ̀ sí, kò sí ní ọ̀gangan igi mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ síbẹ̀ ò lè jẹ́ LBW láéláé, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ èyí.

Òfin fún mi láyè. Ọ́ńpáyà lè yí ìpinnu rẹ̀ padà tó bá ṣe é kíákíá. Kí n pè é padà, kí n fi ọwọ́ ọ̀tún kan èjìká òsì, kí n fi ọwọ́ òsì kan èjìká ọ̀tún, kí skọ́rà mọ̀ pé mo pa àmì mi rẹ́. Kò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mo mọ̀ ọ́n, mo dúró gbagidi. Ohun tó ń sọ lọ́kàn mi ni pé, tí mo bá pe ọmọ mi padà, kí ni wọ́n máa sọ? Kí wọ́n má bàa pè mí ní onígbè, mo gbè sẹ́yìn àwọn kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó ń jẹ àmàlà, ó bi mí, "Bàbá, ibo ni bọ́ọ̀lù yẹn balẹ̀ sí?" Mo ní jẹun.

Láti ìgbà náà, filásíìkì ẹ̀kọ mi àti mọ́ínmọ́ín mi ń tẹ̀ lé mi lọ sí pápá, n ò sì ṣe eré tí ọmọ mi bá wà mọ́. Ó ti di ẹni tó ń gbé Ìbàdàn báyìí, ó ní ọmọ méjì. Kò bi mí mọ́.

Bọ́ọ̀lùNiTèmi

Ah. Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Mo gba ọ̀rọ̀ olè yẹn padà. Ti itan adìẹ, mi ò tíì gbà á padà.

TíṣàỌ̀dà

Bàbá, ẹ ṣeun, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi náà, kì í ṣe àwíjàre.

Ebi ń pa mí lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni mo ti jí, máṣíìnì ni mo ń ta. Ẹ sì mọ ilé wa: tí èèyàn bá gbé oúnjẹ síwájú yín tí ẹ ní ẹ ò jẹ, ó ti di ìjà. Wọ́n á ní ṣé májèlé ni. Ti owó, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún mi, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fún wa ní kọ́bọ̀, tí tákìsì láti Ọ̀dà dé ibẹ̀ ti di wàhálà, kí lọ́ńpáyà ó ṣe? Ṣé olówó nìkan ló yẹ kó máa ṣe é ni? Mo gbà pé bọ́ọ̀sì yẹn ò dáa. Ti oúnjẹ ló ṣì ń jà lọ́kàn mi.

ÌyáSkọ́rà

Kò sẹ́ni tó ní kó o má jẹun. Tí wọ́n bá gbé ìrẹsì wá, sọ pé, "Ẹ ṣé, ẹ bá wa gbé e wá sábẹ́ máńgòrò." Ọ́ńpáyà kejì jẹ, skọ́rà méjèèjì jẹ, kóòṣì àlejò bù ú wò. Ìrẹsì náà ti di ti gbogbo ilé. Owó, kí kóòṣì méjèèjì dá a ní ìdajì-ìdajì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ́ńpáyà méjèèjì sì gba iye kan náà. Àwa ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò pọ̀, nígbà mìíràn kò tó owó tákìsì, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé la ti ń kà á.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́ (Ọjà Ọba)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí, òun náà ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Èmi ni ìyá ọmọ tó ṣe kípà ní Sátidé.

Tíṣà, inú bí mi sí yín gan-an. Ọmọ mi ò jẹun alẹ́. Mo rò pé nítorí pé wọ́n nà wọ́n ni, àfi ìgbà tó di òru tó ní, "Màámi, mo gbọ́ ọ." Mo ní kí ló dé tó ò fi ké? Ó ní nínú eré tí wọ́n gbá ṣáájú èyí, gbogbo bọ́ọ̀lù làwọn ń ké lé lórí, wọ́n sì kìlọ̀ fún kápútéènì wọn. Kóòṣì wọn wá ní ẹni tó bá tún pariwo lásán, ìta ló máa jókòó sí. Nígbà tó máa la ẹnu, ó rántí. Ó wo kápútéènì, kápútéènì mi orí. Ó wá rò pé bóyá etí òun ló dún. Ìlù ìgbéyàwó yẹn náà dá kún un.

Mi ò mọ òfin. Ẹ̀lùbọ́ ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n kóńgò mi lè kún dáadáa, tí oníbàárà bá ti rí i pé mo ki ọwọ́ bọ inú kóńgò kí n tó wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ́ ò ní mú kó gbà pé ó kún. Ohun tó ṣe yín nìyẹn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, mo gbà pé ẹ ò ṣe ọmọ mi ní ibi. Ẹ bá mi sọ fún un, torí èmi sọ fún un, kò gbọ́.

BàbáFìlàFunfun

Ìyá wa, ẹ kú ọmọ. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún wọn wà nínú òfin lóòótọ́. Òfin 42, tó wọlé ní 2017, ka kíké Háúsáàtì ju bó ṣe yẹ mọ́ ìwà tí kò tọ́. Àmọ́ kíké ní ìgbà ogún lórí ohun tí ọmọ náà mọ̀ pé kò sí ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó gbọ́ nǹkan tó sì bèèrè ò ṣe nǹkan kan. Kóòṣì wọn ló gé igi tó yẹ kó tún ṣe. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé bàbá àgbà kan ní Oǹdó ní etí rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ ọ́ńpáyà lọ.

Tíṣà, ọ̀dọ̀ rẹ ló kù sí.

TíṣàỌ̀dà

Mo ti padà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí níbi àdáni, ẹ má bínú, mo fẹ́ ṣe é ná kí n tó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Tuesday mo dá ₦5,000 yẹn padà. Ọ̀gá yẹn rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé mo ti ya wèrè ni, epo ni òun fún mi. Mo ní máṣíìnì ò mu epo lọ́jọ́ náà. Kò bínú, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò ní pè mí mọ́. Mo pe ọ́ńpáyà kejì náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Mo rí i yín lójú fèrèsé." Ìyẹn dùn mí ju WhatsApp lọ.

Lọ́jọ́ Thursday mo lọ sí ilé-ìwé àwọn àlejò, kóòṣì wọn gbà mí láyè. Mo dúró síwájú àwọn ọmọ mẹ́tàlá, mo sọ pé mo gbọ́ ọ, mo sọ ìdí tí mi ò fi na ìka, mo sì tọrọ àforíjì nítorí bọ́ọ̀sì àti ìrẹsì. Kápútéènì wọn bi mí pé, "Sà, tí a bá bèèrè ńkọ́?" Mo ní ǹ bá ti na ìka kí ẹ tó pa ẹnu dé. Wọ́n wo kípà, gbogbo wọn, òun náà wolẹ̀. Mo gbé bọ́ọ̀lù, mo ní kí ẹnì kan báàtì, mo ń jù ú kí ó kan báàtì díẹ̀díẹ̀, mo ní kí kípà máa ké tó bá gbọ́ nǹkan, kó sì dákẹ́ tí kò bá gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ há. Ìgbà kẹrin, ó ké débi pé àwọn tíṣà yọ orí lójú fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀kan ló ṣì í. Ìyá wa, etí ọmọ yín dára lóòótọ́.

Bí mo ṣe ń lọ, kóòṣì wọn sìn mí dé géètì. Ó ní àwọn onílé yẹn máa wá sọ́dọ̀ wọn ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí n wá ṣe é, èmi àti ọmọ Oǹdó yẹn. Ó ní kí n má ṣe ìyọnu, bọ́ọ̀sì wọn máa wá gbé mi ní Ọ̀dà.

Mo ní rárá, ẹ ṣeun sà, mo ti fún mẹkáníìkì lówó. Plọ́ọ̀gì ló kú.